Àwa mẹ́jọ fẹ́ gun òkè, ẹ̀gbọ́n mi kì í rìn kánmọ́kánmọ́, báwo la ṣe máa ṣe é?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àwa mẹ́jọ la fẹ́ gun òkè kan lọ́jọ́ Sátidé, kò ga púpọ̀, bíi mítà 300 ni láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó ẹ̀, ọ̀nà ẹ̀ á sì tó kìlómítà 5 lálọ nìkan, wọ́n ní téèyàn bá débẹ̀ ṣe ló máa rí gbogbo àfonífojì kedere. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ọdún 52 ni wọ́n, ara wọn le dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í yára rìn, àwa yòókù sì ń fò bí ewúrẹ́. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn a fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n fi máa bá wa lókè, wọn ò wo ibì kankan, wọ́n kàn jókòó tẹjú mọ́ bàtà wọn, ó dùn mí wọnú eegun. Wákàtí mélòó ló yẹ ká fojú sí, báwo la sì ṣe máa rìn ín tí wọn ò fi ní máa rò pé àwọn ń dá wa dúró?

Èsì 1:
Ti àkókò, ìṣirò kan wà tí ọmọ Scotland kan, William Naismith, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1892, àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò ó dòní. Wákàtí 1 fún bíi kìlómítà 5, kẹ́ ẹ tún fi wákàtí 1 lé e fún mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn. Tiyín á wá jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tára ẹ̀ dá ṣáṣá tí kò dúró níbì kankan nìyẹn wà fún o, kò sí ìsinmi níbẹ̀, kò sí fọ́tò. Fún èèyàn mẹ́jọ, èmi á pè é ní wákàtí méjì ààbọ̀ lálọ.

Èsì 2:
Ìsinmi yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí ibẹ̀ la ti máa ń ṣìkà láìmọ̀. Ẹ wò ó, àwọn tẹ́sẹ̀ wọn yá á ti dé ibi àpáta kan, wọ́n á jókòó, wọ́n á mumi, wọ́n á gbatẹ́gùn títí òógùn á fi gbẹ lára wọn. Bí ẹni tó kẹ́yìn bá ṣe yọ báyìí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á dìde gbọn ìdí ṣòkòtò, wọ́n á gbé báàgì kọ́ èjìká, "ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ẹni tó rẹ̀ jù ni kò wá sinmi rárá! Tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn ẹni yẹn á ti rẹ̀wẹ̀sì. Torí náà, ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín bá fìdí kan òkúta ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ẹ fi wọ́n sí ipò kejì látiwájú, kí ẹni tó ṣáájú wọn máa tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń mí, tí wọn ò bá ti lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí, ó ti ń sáré jù nìyẹn. Ẹni tó lágbára jù nínú yín ni kó kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn lẹ́yìn ẹ̀.

Èsì 3:
Èmi náà kì í rìn kíá, mo sì fara mọ́ ti ìsinmi yẹn délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ipò kejì, ẹ bi wọ́n léèrè ná, torí ó máa ń ni mí lára tí mo bá mọ̀ pé èèyàn mẹ́fà ń wo ẹ̀yìn mi, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń tì mí. Ohun tó ń tù mí lára ni kí ẹnì kan máa bá mi rìn ká jọ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ ti parí tẹ́ ẹ bá dókè o. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ni orúnkún lára, iṣan iwájú itan ló ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì, ìdí nìyẹn tí itan fi máa ń dunni jù lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta. Kí wọ́n fún okùn bàtà dáadáa kí wọ́n tó máa sọ̀, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ má máa gbá iwájú bàtà, kí wọ́n máa ṣí ẹsẹ̀ kéékèèké. Tí wọ́n bá rí ọ̀pá méjì mú dání, á gba díẹ̀ lára ìwúwo yẹn.

Èsì 4:
Tójò bá rọ̀ lálẹ́ Fúráìdè ẹ sún un síwájú, àpáta tó tutù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ààrá ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà kó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kẹ́ ẹ dókè, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ti ìsinmi yẹn ló dun àwọn lọ́jọ́sí, àwọn ò kàn mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́ ni. Wọn ò fẹ́ ipò kejì, àárín ni wọ́n fẹ́ wà, kémi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti sọ fáwọn yòókù pé kò sẹ́ni tó máa gbé báàgì tí ẹ̀gbọ́n ò bá tíì mumi tán. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa gbéra.