Irú àdògán wo ló yẹ àgọ́ ọdẹ nígbà ọyẹ́?

Ọdẹ Ìsánlú béèrè:
Okun o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ kú ọyẹ́. Àwa mélòó kan fẹ́ pàgọ́ sínú igbó tó wà lẹ́yìn oko wa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tapólì tó nípọn la fẹ́ fi ṣe àgọ́ náà, òtútù ìdájí kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ti ìṣọdẹ òru dé rí oorun sùn. Àwọn kan ní kí á gbé sítóòfù èédú wọlé, àwọn kan ní ti kẹrosíìnì, ẹnì kan sì ní kí á ra gáàsì kékeré. Èwo ni kò ní ṣe wá ní jàǹbá?

Àgbà ọdẹ láti Kàbà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé èédú wọ ibi tí ẹ máa sùn sí. Èédú tó ti pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín mọ́, ló ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí a bá fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, tí yóò sì gba ààyè ọ́síjìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń kéde ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sùn lọ lè má jí mọ́. Ẹ má fọkàn tán ẹnu àgọ́ tí ẹ ṣí díẹ̀. Kẹrosíìnì àti gáàsì náà ń mú un jáde bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, wọ́n sì ń fi ọ̀rinrin sínú àgọ́. Ìta ni kí ẹ ti máa fi wọ́n dáná.

Wẹ́dà láti Ẹ̀gbẹ̀:
Òótọ́ ni bàbá sọ. Àdògán onígi tí a fi irin tó nípọn ṣe, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti páìpù tó ń gbé èéfín jáde lókè, ni kí ẹ ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò ṣe é, torí bí síǹkì bá gbóná janjan, èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà. Kí páìpù ga ju òrùlé lọ, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu rẹ̀, nítorí iná kékeré tó bá ta sára koríko gbígbẹ lè jó igbó àti oko olóko. Igi ayin tó gbẹ dénú ló dára. Igi tútù ń fi ọ̀dà dúdú dí páìpù.

Ọdẹ Ìsánlú:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé páìpù náà kò ní yọ́ tapólì?

Wẹ́dà láti Ẹ̀gbẹ̀:
Yóò yọ́ ọ bí wọ́n bá kan ara wọn. Kánfáàsì ìbá sàn jù. Ẹ gé ojú tapólì náà kí ó fẹ̀ dáadáa, ẹ fi páànù dí i, kí páìpù gba àárín páànù kọjá. Ẹ gbé àdògán lé orí yanrìn, kí ó má dí ọ̀nà àbájáde, kí ẹ sì fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ àgọ́. Kí ẹnì kan máa ṣọ́ iná; bí gbogbo yín bá fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kí ó kú pátápátá, kí ẹ sì fi aṣọ òtútù bora.