Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ló lè kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi tọ́jú àgbàlagbà l'Abẹ́òkúta?

Alágbàtọ́_Àṣẹ́rò: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ọmọbìnrin méje tí mo ń rán lọ tọ́jú arúgbó nílé wọn, n'Íbarà, l'Ókè-Ìléwó, títí dé Adátán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ màmá kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ṣé àwọn òṣìṣẹ́ mi ti ṣe safeguarding, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, irọ́ ni, mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé ká dáàbò bo àgbàlagbà tí ò lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀ ni, kí wọ́n má lù ú, kí wọ́n má jẹ owó ẹ̀, kí wọ́n má pa á tì. Ẹnì kan ní Kútọ̀ lóun á kọ́ wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó tó di aago mẹ́rin gbogbo wa á ti gba sàtífíkéètì. Ṣé kí n sanwó?

Bàbá_Pánṣẹ́kẹ́: A ti wá ń kàwé ká tó tọ́jú ìyá wa? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu.

Nọ́ọ̀sì_Láfẹ́nwá: Bàbá, àwọn ọmọ òkété kan wà o, pẹ́ńṣàn ìyá wọn ni wọ́n ń mu 😂

ỌmọẸ̀gbá_UK: Àǹtí, ẹ má tíì sanwó o. Èmi ń ṣiṣẹ́ care níbí. Òfin tó gbé e dúró ní England ni Care Act 2014, ìwé ìlànà ẹ̀ ka oríṣi ìyà mẹ́wàá, lílù wà níbẹ̀, owó jíjẹ wà níbẹ̀, kódà ẹni tó pa ara ẹ̀ tì, tí ò wẹ̀ tí ò jẹun, wà níbẹ̀. Ẹ lè rí èyí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá dé ibi ẹni tẹ́ ẹ máa pè, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti England níbí, ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ pè, káńsù yẹn ò sì sí l'Abẹ́òkúta.

Lọ́yà_Ìtòkò: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. VAPP, òfin tó lòdì sí ìwà ipá, ti wà fún ìjọba àpapọ̀ láti 2015, Ògùn ṣe tiẹ̀ ní 2017. Ọmọdé àtìyàwó nìkan làwọn èèyàn rò pé ó wà fún, bẹ́ẹ̀ òfin 2015 yẹn bá ẹni tó lé èèyàn jáde nílé wí, ó bá ẹni tó já ẹni tó gbójú lé e jù sílẹ̀ láìfún un lóúnjẹ wí. Olùkọ́ tí ò bá lè dárúkọ òfin Ògùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Láfẹ́nwá: Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Ọmọ kan tí mo mọ̀ débi iṣẹ́ láàárọ̀, ó rí i pé apá màmá ti dúdú, ojú ìka mẹ́rin hàn níbẹ̀ gbangba. Ó wẹ̀ fún màmá, ó fọ aṣọ tó wà lára ẹ̀, ó wá bọ́ síta ó bi ìyàwó ilé pé "kí ló ṣe màmá lápá?" Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti géètì mọ́ ọn, ta ló tún máa fojú kan màmá? Ọmọ yẹn ò burú o, wọn ò kọ́ ọ ni. Ká ní wọ́n kọ́ ọ, á mọ̀ pé ẹni tó fura sí kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bi, ọ̀gá ẹ̀ ló yẹ kó pè, kó kọ ohun tó rí àtaago tó rí i, kó kọ ọ̀rọ̀ tí màmá sọ bí màmá ṣe sọ ọ́. Tí màmá bá sì ní "má sọ fẹ́nì kankan o", kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí. Ìyẹn ò ṣeé kọ́ nínú ṣíláìdì, ẹ máa fi ṣeré ni, kẹ́nì kan ṣe màmá, kẹ́nì kan ṣe ìyàwó ilé.

Alágbàtọ́_Àṣẹ́rò: Ah. Bàbá tó ń fún ọmọ-ọmọ ẹ̀ ní káàdì ATM lóṣooṣù ńkọ́?

ỌmọẸ̀gbá_UK: Ṣé orí bàbá pé? Tó bá pé, tí kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ọn, owó ẹ̀ ni, kó fún ẹni tó wù ú. Níbí, Mental Capacity Act 2005 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ṣe ìpinnu tí ò bọ́gbọ́n mu kì í ṣe ẹni tórí ẹ̀ ò pé.

Bàbá_Pánṣẹ́kẹ́: Èyí yé mi.

Alágbàtọ́_Àṣẹ́rò: Mo ti pe ẹni Kútọ̀ o. Mo ní tó bá jẹ́ ọmọ tó ń sanwó fún wa gan-an ló ń lu màmá ẹ̀, ta ni òṣìṣẹ́ mi máa pè? Ó dákẹ́ títí, ó ní kí òṣìṣẹ́ mi fi sádùúrà. Owó mi ò kúrò nílé. Lọ́yà, ní Móńdè mo máa lọ sílé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin l'Ókè-Mosàn, kí n bi wọ́n pé ta là ń pè, kí n gba nọ́ńbà. Mo ti pe ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà padà, mo ní a ò tíì ṣe é, ó bínú díẹ̀, ó ní òun ń dúró. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, Sátidé wo lẹ máa ráyè, èló sì ni? Ọ̀fàdà máa wà.

Nọ́ọ̀sì_Láfẹ́nwá: Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ata ọ̀fàdà náà ò, kì í ṣe ọbẹ̀ pupa lásán.