Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa: ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ èdè kékeré sínú Python, Ruby tàbí Kotlin rí

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ sọ ni ti àwọn èdè kékeré tí à ń kọ́ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo sínú èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà tó ti wà nílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní DSL. Láti ọdún 1996 ni Paul Hudak ti Yunifásítì Yale ti kọ̀wé pé ó sàn kí ènìyàn gbé irú èdè bẹ́ẹ̀ ka orí èdè mìíràn, kó lè jogún gírámà àti irinṣẹ́ rẹ̀, ju kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé ni èdè kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe rí: òfin onílé ló ń tẹ̀ lé, bó ti wù kó kun yàrá rẹ̀ ní ọ̀dà tó. Bí wọ́n bá ń fi irú èdè yìí hàn wá, bó ṣe dùn ún kà ni wọ́n máa ń fi hàn. Èmi ní tèmi, ohun tó ń sọ fún ẹni tó bá kọ ọ́ sódì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ alájẹṣẹ́kù ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀ lórí owó yíyá. Níbì kan, ẹni tó bá ti dá owó fún oṣù mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀. Níbòmíràn, wọn ò ní dá a lóhùn bí kò bá mú onídùúró méjì wá. Inú if tó wọnú if ni gbogbo òfin wọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀. Akápò tó mọ òfin kò lè ka kóòdù, àwa tí a lè ka kóòdù kò sì mọ òfin. A wá kọ́ èdè kékeré kan sínú Python, tí òfin kan yóò fi rí báyìí:

ofin(nigba=(osu >= 6) & (gbese == 0), iye=ifowopamo * 2)

Osu tí ẹ rí níbẹ̀ yẹn kì í ṣe nọ́ńbà. Nǹkan tí a fi class, ìyẹn àwòṣe tí à ń fi dá nǹkan sílẹ̀ nínú ètò, kọ́ ni, tó jẹ́ pé bí Python bá bá >= pàdé, tó sì pe `__ge__`, kò ní fi ohunkóhun wé ohunkóhun; ńṣe ló máa dá igi kékeré kan padà, tó rántí pé osu, >= àti 6 ni wọ́n so pọ̀. Òfin náà di igi, a kì í sì í ṣírò rẹ̀ títí a ó fi fún un ní àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Èrè ibẹ̀ ni pé igi kan náà ni function kan ń lò láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí function kejì sì ń sọ di gbólóhùn Yorùbá tí akápò lè kà kó sì buwọ́ lù. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣírò lójú ẹsẹ̀ ni, kò ní sí ohun tí function kejì máa kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le nìyí. Python kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti yí ìtumọ̀ and, or àti not padà. Wọ́n dá àbá rẹ̀ rí nínú PEP 335, ọ̀kan lára àwọn ìwé tí wọ́n fi ń dá àbá àyípadà fún Python, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Nítorí náà ni gbogbo wa fi ń lo & àti | dípò wọn. Ṣùgbọ́n bit, ìyẹn àwọn 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, ni wọ́n ṣe & fún, ó sì lágbára ju >= àti == lọ nínú gírámà Python. Akẹgbẹ́ mi kan kọ òfin yìí láìsí àkámọ́:

osu >= 6 & gbese == 0

Ẹ wò ó dáadáa. 6 & gbese ló kọ́kọ́ so pọ̀. Ohun tó kù di osu >= (6 & gbese) == 0, èyí tí Python kà sí ìfiwéra alásokọ́ra, irú 1 < x < 10, tó túmọ̀ sí ìfiwéra méjì tí and wà láàárín wọn. And yóò bi ìfiwéra àkọ́kọ́ bóyá òótọ́ ni ín. Nǹkan tí a bá fi class kọ́ ní Python, tí a kò kọ́ ní bó ṣe máa dáhùn ìbéèrè yẹn, òótọ́ ló máa ń pe ara rẹ̀. And á wá ju ìfiwéra àkọ́kọ́ nù, á sì dá ìkejì nìkan padà. Oṣù mẹ́fà pòórá. Èyí tó burú jù ni pé (6 & gbese) == 0 tó ṣẹ́kù ń ṣe gẹ́gẹ́ bí gbese == 0 gan-an: bí gbèsè bá jẹ́ òdo, & tiwa á dáhùn irọ́, irọ́ sì dọ́gba pẹ̀lú òdo ní Python; bí gbèsè bá wà, á dáhùn òótọ́, òótọ́ kò sì dọ́gba pẹ̀lú òdo. Gbogbo àyẹ̀wò tó kan gbèsè ń yege, ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá sì lè yá owó lónìí. Kò sí àṣìṣe kankan tó yọjú lójú kọ̀ǹpútà. Akápò ló rí i kí òfin náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí gbólóhùn rádaràda kan ló jáde fún un láti inú igi náà, tó mẹ́nu ba 6 àti gbèsè ṣùgbọ́n tí oṣù kò sí níbẹ̀ rárá.

Ohun tí a ṣe kò pọ̀. A kọ `__bool__`, èyí tí Python ń pè láti béèrè bóyá nǹkan jẹ́ òótọ́, sínú class náà pé kó ju àṣìṣe sílẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí igi tí a kò tíì fún ní àkọsílẹ̀ kankan kò lè jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. SQLAlchemy, irinṣẹ́ tí Python fi ń bá database sọ̀rọ̀, tí Mike Bayer gbé jáde ní 2006, ń ṣe irú rẹ̀ fún ìdí kan náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí SQLAlchemy ń jẹ́ níbẹ̀, pé ìtumọ̀ òótọ́ àti irọ́ kò sí fún gbólóhùn yìí, kì í sọ ohun tí olùkọ̀wé máa ṣe fún un. Tiwa sọ ọ́ ní Yorùbá: «Ẹ fi àkámọ́ yí ìfiwéra kọ̀ọ̀kan ká, bí àpẹẹrẹ (osu >= 6) & (gbese == 0)». A tún jẹ́ kí igi kọ̀ọ̀kan fi `sys._getframe` rántí fáìlì àti ìlà tí wọ́n ti kọ ọ́, torí pé ibi tí òfin ti ń já kulẹ̀ máa ń jìnnà sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Owó tí a san fún gbogbo rẹ̀ ni pé class tó bá yí `__eq__` (ohun tó ń dáhùn ==) padà láìkọ `__hash__` kò ṣeé fi ṣe kọ́kọ́rọ́ dict, ìyẹn àkójọ tí a fi kọ́kọ́rọ́ ń wá nǹkan nínú rẹ̀, mọ́, èyí sì rọrùn láti tún ṣe.

Mo fẹ́ gbọ́ tiyín.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi Ruby ṣiṣẹ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ní Ruby, àkámọ́ kọ́ ni wàhálà wa, self ni, ìyẹn nǹkan tí kóòdù ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ètò ìfiránṣẹ́ kan ni mo kọ́ èdè fún, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sáàárín do àti end, èyí tí à ń pè ní block, tí mo sì ń fi instance_eval ṣí block náà kí wọ́n má bàa máa tún orúkọ nǹkan kan pè lórí gbogbo ìlà. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n instance_eval ń pààrọ̀ self, nítorí náà bí ẹnì kan bá ti kọ @adiresi (@ ń fi hàn pé ti nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni) sínú class tirẹ̀, tó wá lò ó nínú block mi, ọ̀dọ̀ ohun tèmi ni Ruby ti ń wá a. Kò sí níbẹ̀, Ruby kì í sì í bínú sí @ tí kò tíì ní iye. Nil, ìyẹn òfìfo, ló ń dá padà. Ìwé ń lọ sí àdírẹ́sì òfìfo. Ohun tó tún ń da ojú rú ni pé orúkọ tí kò ní @ níwájú, tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn block, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tó kọ ọ́ kò sì lè rídìí tí ọ̀kan fi wà tí èkejì fi sọnù.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mò ń wo arity block náà, ìyẹn iye orúkọ tó ń gbà wọlé: bí ó bá gba orúkọ kan wọlé, mo fi nǹkan náà lé e lọ́wọ́, self kò sì ní yí padà, bí kò bá gbà, mo lo instance_eval. Ẹni tó bá nílò @ tirẹ̀ á yan ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ní ti method_missing, tí Ruby ń pè bí ó bá bá ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pàdé, mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ ti dá ètò tuntun sílẹ̀ láìmọ̀. Mo ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí èdè mi mọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú rẹ̀ á di àṣìṣe, mo sì ń bi did_you_mean, tó ti ń bá Ruby wá láti ẹ̀yà 2.3, pé ọ̀rọ̀ wo ló jọ ọ́ jù. RSpec, irinṣẹ́ tí a fi ń dán kóòdù Ruby wò, náà kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí: should tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan tó wà ní Ruby dùn létí, ṣùgbọ́n ó máa ń dàrú lórí àwọn nǹkan tí wọ́n kọ́ láti fi dúró fún nǹkan mìíràn, wọ́n sì mú expect wá ní 2012. Expect kò dùn ún kà tó should. Èmi ò rí ẹni tó ń sunkún rẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi Kotlin ṣiṣẹ́

Kúkúrú ni tèmi. Ní Kotlin, block inú máa ń rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí block òde mọ̀, nítorí náà ènìyàn lè kọ head sínú head nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ HTML, head kejì á sì lọ bọ́ sọ́wọ́ html tó wà lóde láìsí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Láti Kotlin 1.1, ní 2017, ni wọ́n ti mú @DslMarker wá. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn class mi, compiler, ètò tó ń tú kóòdù sí èdè kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ̀ ọ́ báyìí kí ètò tó ṣiṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá ń kọ́ èdè sínú Kotlin láìlò ó, ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kọ osu àti gbese láìsí àmì ohùn. Ó dá mi lójú pé ó ní ìdí. Èmi fi gbogbo àmì sí tèmi, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo kọ́ èdè náà fún, láti máa fi Python ṣe ìdánwò kéékèèké ní Yorùbá, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kọ́ àkọtọ́ burúkú lọ́dọ̀ mi. Python 3 gba lẹ́tà Yorùbá fún orúkọ nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ tún orúkọ náà tò sí NFKC, ọ̀kan lára ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀, níbi tí è ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín àmì àyọlò, kì í fọwọ́ kàn án. Àkójọ ọ̀rọ̀ mi wá láti orí fóònù, tí keyboard rẹ̀ ń kọ e lọ́tọ̀, tó sì ń kọ àmì ohùn tẹ̀ lé e. Bí ọmọ kan bá wá kọ t.ìbéèrè, Python á ní òun kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú àkójọ ní kedere. Ìmọ̀ràn tí mo ti kọ pé kí èdè náà máa fún wọn tún ń sọ pé: «Kò sí ìbéèrè. Ṣé ìbéèrè lo ní lọ́kàn?»

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Irinṣẹ́ Python tó ń jẹ́ unicodedata.normalize ni mo fi sí ẹnu ọ̀nà àkójọ náà, pẹ̀lú NFKC, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo gbà kí ẹni tí kò ní keyboard Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì. Èyí nílò ìṣọ́ra, nítorí bí a bá bọ́ àmì kúrò lára owó àti ọwọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ tuntun sínú àkójọ ni èdè mi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá sì bá òmíràn tó ti wà níbẹ̀ dọ́gba láìsí àmì, á kọ̀ ọ́ lójú mi, kó má bàa di ẹjọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Olùkọ́, ìdí tí mo ní kò ju pé àwọn tó ń kọ òfin wa ń lo keyboard Gẹ̀ẹ́sì; bó bá jẹ́ pé mo ti mọ ọ̀nà àbáwọlé tí ẹ ṣe yìí ni, bóyá ǹ bá ti gbà á láyè. Ẹni tó ń lo Kotlin wú mi lórí jù, nítorí kí ètò tó ṣiṣẹ́ ni compiler rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé tèmi gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ìlà náà bá ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo òfin ẹgbẹ́ ló wọ inú èdè náà. Owó ìtanràn fún ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé kò ju tábìlì lọ, iye àti ọjọ́, a sì fi í sílẹ̀ nínú fáìlì lásán. Ibi tí òfin bá ti ń so òfin mìíràn mọ́ra nìkan ni a ti lo igi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Haskell ṣiṣẹ́ ni mo ń wá báyìí. Mo mọ̀ pé láti ẹ̀yà 8.0 GHC, tó jẹ́ compiler Haskell, ni ènìyàn ti lè fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí compiler máa sọ bí type, ìyẹn irú nǹkan tí iye kọ̀ọ̀kan jẹ́, kò bá bá ara mu. Ṣé ẹ̀ ń lò ó fún àwọn tí kì í ṣe olùṣètò kọ̀ǹpútà, tàbí type gígùn yẹn náà ni wọ́n ṣì ń bá pàdé?