Àyà ń gún mi bí mo bá mí kanlẹ̀, dókítà ní kì í ṣe ọkàn, kí wá ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ òsì àyà mi ń gún mi bí abẹ́rẹ́, pàápàá tí mo bá mí kanlẹ̀ tàbí tí mo bá sín. Ní ọsibítù wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n ya ẹ́sírè, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé costochondritis ni, kí n máa lo ibuprofen. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí, lóru màá dìde jókòó màá gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ.

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ó ṣe èmi náà rí, mo mọ ìbẹ̀rù yẹn. Egungun ìhà ò kan egungun àárín àyà ní tààrà, kèrékèré ló so wọ́n pọ̀, òun ló ń jẹ́ kí àyà lè fẹ̀ téèyàn bá mí sínú. Kèrékèré yẹn ló ń ta yín, òun ni wọ́n ń pè ní costochondritis, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti mí lẹ̀ ń fà á, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè san. Dókítà tèmi kàn fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà, níbi tí egungun ìhà kẹta ti so mọ́ ọn, mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ikọ́ ló fa tèmi, mo wúkọ́ títí ìhà fi ń ro mí, ó sì lò tó oṣù méjì kó tó lọ.

Èsì: Òótọ́ ni. Tó bá wú síta tẹ́ ẹ fi rí kókó níbẹ̀, Tietze ni wọ́n ń pe ìyẹn, dókítà ará Jámánì tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1921 ló ni orúkọ. Ẹ fi tówẹ̀lì gbígbóná lé e, ẹ má gbé ẹrù wúwo, tẹ́ ẹ bá sì ní ọgbẹ́ inú ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó tún mu ibuprofen yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, tó bá di pé àyà ń fún yín pinpin, tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín tàbí èémí ò délẹ̀, ẹ sáré lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé wọ́n ti yẹ̀ yín wò tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tẹ ibẹ̀ báyìí, yéè, ibẹ̀ gan-an ni! Mo wá rántí pé ọjọ́ kejì tí mo dá gbé kọ́bọ́ọ̀dù láti yàrá lọ sí pálọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, mi ò tiẹ̀ sọ ìyẹn fún dókítà.