Kíláàsì CAD àkọ́kọ́ yín: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìlà_Gbọọrọ
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kìíní ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ọ̀sẹ̀ kẹta sì rèé tí a bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì CAD, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iṣẹ́ ẹnjiníà. Àwòrán mi máa ń dára lójú bí mo bá yà á tán, ṣùgbọ́n bí mo bá yí ìwọ̀n kan padà báyìí, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Igun tó gún tẹ́lẹ̀ á wọ́, ihò á sá kúrò lára irin. Àwọn tá a jọ ń ṣe kíláàsì ti ń to píísì mọ́ra wọn, èmi ṣì ń bá onígun mẹ́rin kan jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níbẹ̀, kí ló kọ́kọ́ le fún yín, báwo ló sì ṣe wá yé yín? Ìtàn ara yín ni mo fẹ́ gbọ́, fídíò tó ń sọ bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀ ti pọ̀ lọ́wọ́ mi.

BóòtìM6
Constraint. Òun náà ni.

Ìyá_Ẹ̀rọ
BóòtìM6 ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ò lè yé ẹni tó wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Constraint ni àṣẹ tí à ń fún ìlà pé báyìí ni kó máa wà. Àbúrò, jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé èmi.

Ojú lèmi náà fi ń ya àwòrán. Bí ìlà bá ti rí bíi pé ó dúró ṣánṣán, mo gbà pé ó dúró nìyẹn. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n fún òun ní mouse. Ó di igun kan mú, ó fà á, onígun mẹ́rin mi sì tẹ̀ bí àpótí páálí tí òjò pa. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ pé àpótí ni. Ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà?" Kò sọ nǹkan míì, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo jókòó síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Igun mẹ́rin ni àpótí ní. Igun kọ̀ọ̀kan lè rìn sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè rìn sókè sódò: méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, 8 nìyẹn. Mo sọ fún ìlà méjì pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbọọrọ, mo sọ fún méjì pé kí wọ́n dúró ṣánṣán: ó ku 4. Mo fún un ní gígùn àti ìbú: ó ku 2. Mo wá kan igun kan mọ́ origin, níbi tí òdo ti pàdé òdo: kò ku nǹkan kan. Nínú SolidWorks, software CAD tí à ń lò, ìlà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dúró máa ń ní àwọ̀ búlúù, èyí tó ti dúró pátápátá á di dúdú. Lọ́jọ́ tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, mo fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan extrude, èyí tó ń fa àwòrán pẹlẹbẹ di nǹkan tó nípọn, bí mi ò bá tíì ka ohun tó kù.

Ọ̀pá_Ìwọ̀n
Ìyá_Ẹ̀rọ, ẹ ṣeun fún kíkà yẹn. Èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, màá yá a lò lọ́wọ́ yín.

Ìwọ̀n ló mú èmi. Ọwọ́ ìdìmú kan ni wọ́n ní ká yà, ká sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D. Ínṣì ni mo fi yà á, gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4. Mo tọ́jú u sí STL, irú fáìlì tí a fi ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, mo sùn ire. Nígbà tó di àárọ̀, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà pè mí, ó la àtẹ́lẹwọ́, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ọwọ́ ìdìmú mi ni. Onígun mẹ́ta kéékèèké lásán ló wà nínú fáìlì STL, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ínṣì ni tàbí mìlímítà. Ẹ̀rọ rí 4, ó tẹ mìlímítà 4. Ìlọ́po 25.4 ni mo fi kéré.

Igun_Mẹ́ta
Òdìkejì ni tèmi! Mìlímítà ni mo fi yà á, wọ́n kà á sí ínṣì. Nǹkan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 mm di 2,540 mm, ẹ̀rọ ní òun ò ní ibi tóun máa gbé e sí. Ó dára tó kọ̀ jàre, ṣebí ó ṣàánú mi.

Alágbẹ̀dẹ
Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Lọ́dún 1999, Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí ojú sánmà, ṣègbé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Apá kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń fi pound-force ka agbára, apá kejì rò pé newton ni. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.

Pẹ́ńsùlù2H
Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ CAD, ìṣirò ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jẹ́ ti CAD gan-an, ẹ lọ wo ọkọ̀ òfuurufú Airbus A380. Wáyà tí wọ́n ti tò ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì ò bá inú ọkọ̀ mu mọ́ nígbà tó dé Toulouse nílẹ̀ Faransé, ó kúrú. Lára ohun tó fà á ni pé ẹ̀dà 4 software CAD tó ń jẹ́ CATIA ni wọ́n ń lò níbì kan, ẹ̀dà 5 níbì kejì. Lọ́dún 2006 ni wọ́n kéde pé ọkọ̀ máa pẹ́. Software kan náà o, orúkọ kan náà!

Alágbẹ̀dẹ
Mo gbà. Tiyín ló bá ọ̀rọ̀ mu jù.

Pẹ́ńsùlù2H
Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fi ọwọ́ ya ìlà kan. Àwa fi pátákó, T-square àti pẹ́ńsùlù 2H bẹ̀rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fa ìlà, wàá kọ́kọ́ ronú, torí ìparẹ́ máa ń fi ojú àpá sílẹ̀ lára bébà. Ẹni tó fi ọwọ́ ya ojú mẹ́ta nǹkan kan rí, iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ti yí nǹkan náà po kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Kí wọ́n fún wọn ní oṣù kan lórí bébà ná. Gbogbo ariwo constraint yìí, ohun tí software tuntun kó dé ni, àwa ò nílò rẹ̀.

Ìyá_Ẹ̀rọ
Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín lọ dé ìdajì. Constraint kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1963 ni Ivan Sutherland ti ṣe software ìyàwòrán tó ń jẹ́ Sketchpad ní yunifásítì MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ń fi kálàmù oníná ya ìlà lójú ẹ̀rọ, ó sì lè sọ fún ìlà méjì pé kí wọ́n máa rìn lọ́gbọọgba, tàbí kí gígùn wọn dọ́gba, ẹ̀rọ á sì mú un ṣẹ. AutoCAD, software CAD tí gbogbo èèyàn mọ̀, gan-an ò tíì sí nígbà náà, 1982 ló jáde. Èrò yìí ti wà kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé.

Pẹ́ńsùlù2H
Mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. N ò mọ ti 1963 yẹn. Ti bébà, mi ò yẹsẹ̀ níbẹ̀.

Igun_Mẹ́ta
Oṣù kan ti pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ kan péré, kí wọ́n fún wọn ní píísì gidi lọ́wọ́ àti caliper tí a fi ń wọn nǹkan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi ọwọ́ lásán yà á. Bí oṣù kan bá lọ lórí lẹ́tà kíkọ àti títẹ́ ìlà, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ dé ọ̀dọ̀ assembly, títo píísì mọ́ra?

Alágbẹ̀dẹ
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí láti apá kejì, torí ìdí ẹ̀rọ lathe àti milling tí a fi ń gé irin ni mo wà, èmi ni wọ́n ń gbé àwòrán yín wá bá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àwòrán bracket kan, irin tí a fi ń gbé nǹkan dúró, wá, ojú mẹ́ta rẹ̀ pé, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ó mọ́ tónítóní. Kòtò gbọọrọ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. First angle ni wọ́n fi kọ́ èmi: ohun tí o bá rí láti apá ọ̀tún, apá òsì bébà ni wọ́n ń yà á sí. Mo kà á bẹ́ẹ̀, mo gé e bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì lórí aluminium tó nípọn. Nígbà tí ọmọ náà dé, ó gbé e lé ibi tó yẹ kó wọ̀, kò wọ̀. Kòtò wà ní òdìkejì, bí bàtà òsì tí wọ́n rán fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Third angle ni template inú software rẹ̀ ń lò, ọ̀tún wà ní ọ̀tún. Kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà, kò sì sí àmì kankan lórí bébà tó sọ èyí tó lò. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó dun èmi náà, torí èmi náà ò béèrè.

Àmì kékeré yẹn, èyí tó dà bíi kóònù tí wọ́n gé orí rẹ̀, tí òbìrìkítì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí n ò bá rí i báyìí, n kì í tan ẹ̀rọ.

Igun_Mẹ́ta
Kí ló dé tí gbogbo ayé ò kúkú lo third angle? Ọ̀tún ní ọ̀tún, òsì ní òsì. Kí ni wọ́n ń yí i sí?

Alágbẹ̀dẹ
Torí òun lo kọ́kọ́ mọ̀ ló ṣe rọrùn lójú rẹ. Gbé píísì kan lé orí bébà, kí o yí i ṣubú sí apá òsì: ojú ọ̀tún rẹ̀ ló máa kọjú sí ọ wàyí. First angle nìyẹn, kò lòdì sí làákàyè. Europe ń lò ó jù, Amẹ́ríkà àti Japan ń lo third. Méjèèjì ni wàá bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́.

Igun_Mẹ́ta
Mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo kúùbù, mo yí i. Ẹ jàre. Ó wá yé mi lónìí.

Ẹni_Kan
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, n ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fún òun ní fáìlì mi, pé òun fẹ́ fi wo bí mo ṣe ṣe é. Mo fún un. Ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó yí orúkọ fáìlì, ó fi sílẹ̀. Olùkọ́ ò wo àwọ̀ rárá. Ó ṣí ìtàn iṣẹ́ tó wà lápá òsì, níbi tí gbogbo ìgbésẹ̀ tò sí láti orí extrude àkọ́kọ́ dé fillet ìkẹyìn, ìyẹn igun tí a yí róbótó. Mo ti ya sketch kan, àwòrán pẹlẹbẹ, tó ṣì, mo pa á mọ́, mi ò pa á rẹ́, mo sì ti sọ ọ́ ní "mo ṣì í níbí". Ó wà nínú tọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú, ní ibi kan náà. Òdo lèmi, òdo lòun. Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn látòkè délẹ̀.

BóòtìM6
Òdo tọ́ sí ẹ̀yin méjèèjì.

Ìyá_Ẹ̀rọ
Rárá o. BóòtìM6, ẹ rọra. Ẹni tó ya nǹkan fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, ohun tó ṣì ni pé ó fọkàn tán èèyàn. Kí wọ́n yọ máàkì díẹ̀ lára tiẹ̀, mo gbà. Òdo ti le jù.

Pẹ́ńsùlù2H
Olùkọ́ ìbá pe àwọn méjèèjì, kó ní kí wọ́n yí ìwọ̀n kan padà níwájú òun. Láàárín ìṣẹ́jú méjì á ti mọ ẹni tó ni ín.

Ọ̀pá_Ìwọ̀n
Ohun tí mo ń ṣe nínú kíláàsì mi nìyẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tán, mo máa ń pààrọ̀ fáìlì láàárín wọn. Màá ní kí ẹni tó gba fáìlì yí ìwọ̀n ẹyọ kan padà, bóyá nínípọn rẹ̀ láti 5 mm di 8 mm. Bí fáìlì bá fọ́, ẹni tó yà á ló máa pàdánù máàkì. Wọ́n kórìíra rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi máa tó ìgbà kẹta, wọ́n á ti máa kọ orúkọ sí sketch wọn, wọ́n á ti máa kan ihò mọ́ etí irin dípò kí wọ́n kàn gbé e sí àárín afẹ́fẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá ṣí i. Fáìlì pínpín ò wá ní àṣírí nínú mọ́.

Ẹni_Kan
Ìbá wù mí kí ẹ jẹ́ olùkọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan BóòtìM6.

Igun_Mẹ́ta
Ṣé ẹ lè fi FreeCAD ṣe irú rẹ̀? Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tí license máa dá dúró.

Ọ̀pá_Ìwọ̀n
Ó ṣeé ṣe dáadáa. Sketcher rẹ̀, ibi tí a ti ń ya sketch, ń sọ iye degree of freedom (ọ̀nà tí àwòrán ṣì lè gbà rìn) tó kù fún wọn, èyí tí Ìyá_Ẹ̀rọ fi ọwọ́ kà.

Ìlà_Gbọọrọ
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pa gbogbo ohun tí mo yà rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí onígun mẹ́rin. Mo ka 8, ó di 4, ó di 2, ó di òdo. Ó dúdú! Mo yí ìbú láti 40 sí 60, kò sí igun kankan tó wọ́. Mo ti yan third angle, mo sì ti fi àmì rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ. Ó ku ohun kan. Bracket ni a máa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ tí bóòtì M6, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6 mm, máa gbà kọjá. Ṣé 6 mm ni kí n fi ihò sí?

BóòtìM6
6.6. Bí o bá ṣe é ní 6 géérégé, kò ní wọlé.