Igi Corymbia ẹ̀yìnkùlé wa ń sun oje pupa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Ọsirélíà. Igi Corymbia gummifera (ìbátan igi yukalíptọ́ọ̀sì) ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Sydney, oje pupa bí ẹ̀jẹ̀ sì ń sun lára rẹ̀. Tó bá gbẹ, á le gbagidi mọ́ èèpo rẹ̀ tó sán wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé irú igi yìí máa ń sun oje bí kòkòrò bá jẹ ẹ́ tàbí tó bá fara gbọgbẹ́, àmọ́ tọ̀tẹ̀ yìí pọ̀ jù.

Onílé ní òun máa gé e. Ó dùn mí gan-an, torí òdòdó funfun rẹ̀ làwọn ayékòótọ́ ń wá jẹ.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ṣé ó ṣì lè yè? Ṣé a lè gé ẹ̀ka tó yọ sórí òrùlé nìkan, ká sì dá igi sí? Àwọn tó ti gbàṣẹ àtigé igi lọ́wọ́ kánsù rí, kí ni wọ́n bi yín?