Áńpù tó dákẹ́ lẹ́yìn tí iná dé: kí lẹ rí nínú tiyín?

Tọ́lá Ṣàgámù: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n mú iná dé lánàá, a gbọ́ "tá!" nínú áńpù home theatre wa, ló bá dákẹ́. Iná pupa kékeré iwájú ẹ̀ gan-an ò tàn. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí lẹ bá níbẹ̀ nígbà tí ẹ tú u?

Bàbá Ìbejì: Fúùsì.

Kẹ́hìndé Rẹ́díò: Bàbá Ìbejì, gbogbo nǹkan ni fúùsì lójú tiyín. Fúùsì kì í dédé jó, nǹkan ló ń jó o. Tọ́lá, ṣé gílóòbù ilé yín mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ lálẹ́ yẹn? Tí wáyà neutral, èyí tó ń dá iná padà, bá já lórí òpó, iná tó wọlé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fóòtì 415 dípò 230.

Sìsí Ẹ̀gbá: Ẹ gbọ́ tèmi. Bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Houston fi receiver ńlá kan, áńpù tó ní rédíò nínú, ránṣẹ́, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọkọ mi ti pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jọ, bíà ti wà nílẹ̀, ó to sípíkà yí pálọ̀ ká, ó wá kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì. Òórùn ló kọ́kọ́ dé, èéfín tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn lẹ̀gbọ́n ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́: "120V, 60Hz."

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: "Ó kà á sókè" 😂😂 Èèyàn burúkú!

Lánre Ọ̀yọ́: Ṣé kò sí ibi tí wọ́n ń yí sí 220 lẹ́yìn ẹ̀ ni?

Kẹ́hìndé Rẹ́díò: Èyí tí wọ́n bá ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan kì í sábà ní i. Ti Japan tún kéré sí i, 100 ni tiwọn. Ẹ ra step-down, tíránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó kì í bọná.

Sìsí Ẹ̀gbá: Wọ́n tún wáyà tíránsífọ́mà ẹ̀ wé, ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn ń kùn ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Àbí ọkọ yín ló ń kùn

Lánre Ọ̀yọ́: Èmi o, bébà fàdákà inú páálí sìgá ni mo fi ń wé fúùsì tèmi, ọjọ́ ti pẹ́, kò ṣe nǹkan kan.

Kẹ́hìndé Rẹ́díò: Kò TÍÌ ṣe nǹkan kan. Ìyẹn kì í ṣe fúùsì mọ́ Lánre, tí nǹkan bá ṣọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀dù ló máa jó, tàbí ilé.

Tọ́lá Ṣàgámù: Mo ti tú u. Inú fúùsì dúdú kirikiri, nǹkan búlúù pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ti là sí méjì.

Kẹ́hìndé Rẹ́díò: Fúùsì tó dúdú báyẹn, ṣọ́ọ̀tì gidi ló pa á, tó bá jẹ́ pé wáyà ẹ̀ kàn já ni, ọ̀rọ̀ lè máà le. Nǹkan búlúù yẹn, varistor ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó kú tí iná bá ga jù, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ wá irú ẹ̀. Ẹ má tíì kì í bọná tààrà o, ẹ jẹ́ kí iná kọ́kọ́ gba inú gílóòbù 100W kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí gílóòbù bá tàn yòò tí ò rọlẹ̀, ṣọ́ọ̀tì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo dáyóòdù mẹ́rin yẹn, àwọn tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo: èyí tí mítà bá ń ké lé lórí síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí ẹnu mítà padà, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má sì fọwọ́ kan kàpásítọ̀ ńlá yẹn, èyí tó ń tọ́jú iná pa mọ́, iná inú ẹ̀ lè ju fóòtì 300 lọ kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ áńpù nínú iná.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ó ti gbá mi rí. Screwdriver ọwọ́ mi bọ́ sílé aládùúgbò.

Sìsí Ẹ̀gbá: Irọ́ ńlá 😂

Lánre Ọ̀yọ́: Gílóòbù LED ńkọ́?

Kẹ́hìndé Rẹ́díò: Kò lè ṣe é. Èyí tó ń gbóná tẹ́lẹ̀ yẹn là ń wí.

Lánre Ọ̀yọ́: Níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn láyé ìsinsìnyí?

Ìyá Aládìyẹ: Lọ́dọ̀ wa. 200W la fi ń mú òròmọdìyẹ gbóná.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí? Èédú ló dáa jù, ma.

Ìyá Aládìyẹ: Èédú tí èéfín ẹ̀ ń pa wọ́n? Ṣé o ti sin adìyẹ rí ni?

Bàbá Ìbejì: Màmá, èló lẹ ń ta ọlọ́jọ́ kan?